Ààlà Tí Baálẹ̀ Akínlàbí Gbìn Sáàárín Iṣu Ọmọ Rẹ̀

Òwe kan wà tí àwọn èwe ìwòyí kì í fẹ́ gbọ́ sétí. Àwọn àgbà ló ní, "Oko kì í jẹ́ ti baba tọmọ kó má ní ààlà." Ọ̀dọ́mọkùnrin kan bi mí léèrè pé, "Irú baba wo nìyẹn, tí yóò máa pa ààlà sáàárín ara rẹ̀ àti ọmọ tó bí? Ṣebí ọmọ náà ni yóò jogún oko ọ̀hún lọ́la?" Ìbéèrè rẹ̀ kì í ṣe ti òmùgọ̀. Bí a bá fi ojú lásán wo òwe yìí, ó jọ ọ̀rọ̀ ahun, ó jọ ọ̀rọ̀ ẹni tí kò fẹ́ràn ọmọ. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá gbọ́ ohun tó ṣẹlẹ̀ ní Agbọ̀nlé, létí omi Atẹ́wọ́gbà, kò ní bèèrè mọ́.

Orí àpáta ni wọ́n tẹ Agbọ̀nlé dó sí, kànga kò ṣeé gbẹ́ níbẹ̀. Omi kan ṣoṣo tó sún mọ́ wọn ni ìsun kan lẹ́sẹ̀ òkè. Wọ́n ń pè é ní Atẹ́wọ́gbà nítorí pé bí ẹ̀ẹ̀rùn bá mú, ńṣe ni omi náà máa ń kán tó, tó, tó, àfi kí ènìyàn tẹ́wọ́ gbà á. Igbó ṣù bo ibẹ̀, ejò ń gbé ibẹ̀, ọ̀nà rẹ̀ sì máa ń yọ̀ bí ilá. Lọ́dọọdún ni Baálẹ̀ ń pe ìlú jáde kí wọ́n wá ro ó, lọ́dọọdún náà sì ni àwọn ènìyàn ń rí àwáwí wí. Ẹ̀yìn ń dun ẹni kan, àna ẹnìkejì ń ṣòkú. Àwọn obìnrin ni wọ́n ń fi ọwọ́ ara wọn kó ewé jíjẹrà kúrò lójú omi kí wọ́n tó pọn ún.

Akínlàbí ni Baálẹ̀ nígbà náà, ọkùnrin jẹ́jẹ́ tó máa ń rẹ́rìn-ín kó tó fèsì. Ó ní ọmọkùnrin kan, Akínrìnmádé, àgbẹ̀ paraku, ẹni tí kò mọ àwáwí í wí. Ọmọ yìí wá bá a lọ́jọ́ kan, ó dọ̀bálẹ̀, ó ní:

"Bàbá, ilẹ̀ tó yí Atẹ́wọ́gbà ká ń ṣòfò. Ilẹ̀ ọlọ́rinrin ni, iṣu yóò ta níbẹ̀ dáadáa. Ẹ jẹ́ kí n máa dáko níbẹ̀. Èmi náà á máa tún ojú omi ṣe. Màá to òkúta sí i, màá la ọ̀nà rẹ̀. Ìlú ò tún ní í jáde ro ó mọ́."

Ọ̀rọ̀ náà dùn mọ́ Baálẹ̀. Ó gbé e dé ọ̀dọ̀ àwọn ìjòyè, ó sì dùn mọ́ àwọn náà, nítorí ta ni kò ní í fẹ́ kí ẹlòmíràn bá òun ro ìgbẹ́? Jagun nìkan ló fọwọ́ pa irùngbọ̀n rẹ̀.

"Ọ̀rọ̀ yìí dára," ni Jagun wí. "Ṣùgbọ́n níbo ni oko ọmọ yóò parí sí, níbo ni omi ìlú yóò ti bẹ̀rẹ̀? Bí nǹkan bá sì bàjẹ́ níbẹ̀, ta ni ká pè?"

Baálẹ̀ rẹ́rìn-ín. "Jagun, ọmọ mi ni o! Ṣé kí n tún máa na okùn wọn ilẹ̀ fún ọmọ tí mo bí ni? Tèmi ni tirẹ̀, tirẹ̀ ni tèmi, tèmi sì ni ti ìlú."

Gbogbo àwọn tó kù rẹ́rìn-ín. Bí ọ̀rọ̀ ṣe parí nìyẹn.

Ká má purọ́, Akínrìnmádé ṣe iṣẹ́ náà bí iṣẹ́. Ó ṣán igbó, ó pa ejò, ó to òkúta yí ojú omi ká, ó sì la ọparun sí méjì kó lè máa gbé omi bọ́ sínú ìkòkò láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni bẹ̀rẹ̀. Ó gbẹ́ àtẹ̀gùn sára òkè kí aboyún lè sọ̀ kalẹ̀ láìbẹ̀rù. Àwọn obìnrin ń kọjá, wọ́n ń ṣàdúrà fún un pé iṣu rẹ̀ á ta. Iṣu náà sì ta. Nígbà ìkórè, èyí tó tóbi jù ló kọ́kọ́ gbé lọ fún bàbá rẹ̀.

Akínrìnmádé kì í ṣe ènìyàn burúkú. Ohun tó yẹ kí ẹni tó ń gbọ́ ìtàn yìí fi sọ́kàn nìyẹn. Ní ọdún kejì, ó rí i pé àyè kan ṣì wà láàárín ebè rẹ̀ àti ọ̀nà omi. Ó ní ebè kan ò lè ṣe nǹkan kan, ó kọ ọ́. Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, ó tún kọ òmíràn. Ọ̀nà fún, àwọn obìnrin wá ń fi ẹ̀gbẹ́ rìn láàárín ewé iṣu. Ó ń kó ìgbẹ́ ewúrẹ́ àti ti adìyẹ sórí ebè kí ilẹ̀ lè lọ́ràá. Nígbà tí òkúta méjì yọ lójú omi, ó ní òun á tò ó pa dà bí òun bá ráyè. Oko ti tóbi, kò ráyè. Nígbà tó yá, ebè rẹ̀ dé etí omi gan-an.

Baálẹ̀ ńkọ́? Baálẹ̀ kì í dé ibẹ̀ mọ́. Iṣu ibẹ̀ ló máa ń wá bá a nílé.

Òjò àkọ́rọ̀ ọdún kan rọ̀, ó rọ̀ gidigidi, ó sì gbá gbogbo ohun tó wà lórí ebè sínú Atẹ́wọ́gbà. Omi náà pọ́n, ó ń rùn díẹ̀díẹ̀. Àwọn ènìyàn sẹ́ ẹ, wọ́n mu ún, nítorí òun ni wọ́n ní. Kò pẹ́ tí inú bẹ̀rẹ̀ sí í run àwọn ọmọdé.

Obìnrin kan wà tó ń jẹ́ Dúródọlá. Ó ti bímọ rí, wọn ò dúró. Èyí tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ báyìí ló sọ ní Málọmọ́. Ọmọ náà ń yàgbẹ́ gbuuru, ojú rẹ̀ ti jìn. Dúródọlá pọ̀n ọ́n sẹ́yìn, ó lọ bá Akínrìnmádé lóko.

"Ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá wa kó ìgbẹ́ yìí kúrò létí omi. Ó ń pa àwọn ọmọ wa."

Akínrìnmádé gbé ọkọ́ rẹ̀ dúró. Àánú ọmọ náà ṣe é. Ṣùgbọ́n ó ní, "Ìyá Málọmọ́, omi ìlú ni, bàbá mi ló ni ìlú. Èmi, àgbẹ̀ lásán ni mí. Ẹ lọ sọ fún Baálẹ̀. Bí wọ́n bá ní kí n kó o, màá kó o."

Dúródọlá gbéra, ó lọ kúnlẹ̀ níwájú Baálẹ̀.

"Há!" ni Baálẹ̀ wí. "Ṣebí mo ti gbé omi yẹn lé Akínrìnmádé lọ́wọ́ láti ọjọ́ yìí. Òun ló ń bójú tó o. Ẹ pa dà lọ bá a, ẹ ní mo kí i."

Ó pa dà sóko. Akínrìnmádé ní òun ò gbọ́ àṣẹ kankan nínú "mo kí i." Obìnrin náà tún pa dà sílé Baálẹ̀, wọ́n ní Baálẹ̀ ń sinmi. Bó ṣe ń bọ̀ wálé, ó gbọ́ ẹkún ní ojúlé kejì sí tirẹ̀. Ọmọ aládùúgbò rẹ̀ ti kú.

Dúródọlá kò sunkún. Ó gbé ìkòkò, ó gba ọ̀nà odò Òyì, odò tó jìn tó bẹ́ẹ̀ tí oòrùn ti ń wọ̀ nígbà tó fi dé. Omi odò náà nìkan ló ń fún ọmọ rẹ̀ mu. Bó ṣe ń lọ tó ń bọ̀ nìyẹn, títí ìgbẹ́ gbuuru fi dá, tí ọmọ sì tún bẹ̀rẹ̀ sí í bèèrè oúnjẹ. Ìgbà náà ló tó lọ bá Jagun, Jagun sì bá a pe ìlú jọ.

Nígbà tí gbogbo wọn pé, tí Baálẹ̀ jókòó, tí ọmọ rẹ̀ dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, Dúródọlá kúnlẹ̀.

"Baálẹ̀, kí ẹ pẹ́ fún wa. N kò wá fẹjọ́ ẹnikẹ́ni sùn. Ohun kan ṣoṣo ni mo ń bẹ̀ yín. Ẹ jẹ́ ká jọ lọ sí Atẹ́wọ́gbà."

Wọ́n lọ. Ọ̀nà há tó bẹ́ẹ̀ tí Baálẹ̀ fi ní láti ká agbádá rẹ̀ sápá. Ó ya ọkùnrin náà lẹ́nu, ojú rẹ̀ sì fi hàn. Nígbà tí wọ́n débẹ̀, Dúródọlá tún kúnlẹ̀ sínú ẹrẹ̀.

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yin bàbá, kí Akínrìnmádé lọ dúró síbi tó jẹ́ tirẹ̀, ibi tó jẹ́ pé bí a bá rí àléébù níbẹ̀, òun la ó bi. Kí Baálẹ̀ náà lọ dúró síbi tó jẹ́ tiwọn."

Akínrìnmádé kò rò ó lẹ́ẹ̀mejì, ó lọ dúró sáàárín iṣu rẹ̀ tó ń gun ọ̀pá. Baálẹ̀ wo ọ̀tún, ó wo òsì, ó rọra lọ dúró lórí àpáta tó gbẹ, lábẹ́ igi ìrókò tó wà lókè, níbi tí àwọn baálẹ̀ ìṣáájú máa ń dúró bí ìlú bá ń ro ibẹ̀. Láàárín àwọn méjèèjì ni ojú omi wà, pẹ̀lú òkúta tó yọ, pẹ̀lú ọparun tó ti kún fún ìdọ̀tí, pẹ̀lú ìgbẹ́ ewúrẹ́ tó ń ṣàn wọnú rẹ̀.

Dúródọlá nawọ́ sí i.

"Ibi tí ẹ̀yin méjèèjì ò dúró sí yìí," ló wí, "ibẹ̀ ni àwọn ọmọ wa ti ń mu omi."

Baálẹ̀ Akínlàbí sọ̀ kalẹ̀ látorí àpáta, ó wọ inú ẹrẹ̀ náà tòun ti bàtà, ó fọwọ́ bu omi, ó gbóòórùn rẹ̀. Nígbà tó sọ̀rọ̀, kò rẹ́rìn-ín.

"Jagun, o bi mí lọ́jọ́ náà, mo fi ọ́ rẹ́rìn-ín. Ẹ̀yin ará ìlú, iṣu ló kún ẹnu mi, ìdí nìyẹn tí n kò fi lè sọ̀rọ̀. Èmi ni mo fi omi yín ṣeré."

Ó ní kí wọ́n lọ gé igi pèrègún wá. Kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni bá òun gbìn ín. Ó bẹ̀rẹ̀ láti ìsàlẹ̀, ó ń gbẹ́lẹ̀, ó ń ri pèrègún bọlẹ̀, ó gba àárín iṣu ọmọ rẹ̀ kọjá, ó ń hú èyí tó bá wà lọ́nà.

"Bàbá!" ni Akínrìnmádé ké. "Ṣé ẹ̀yin lẹ ń hú iṣu mi lójú gbogbo ayé? Ẹ dójú tì mí o!"

"Ojú tì mí ṣáájú rẹ, ọmọ mi," ni bàbá rẹ̀ fèsì, kò dẹ́kun iṣẹ́. "Láti ibi igi yìí lọ sókè, oko rẹ ni, ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ bi ọ́ ní ohun tí o gbìn síbẹ̀. Nítorí oko yẹn ni wàá ṣe máa to òkúta yìí, tí wàá máa fọ ọparun yìí, bí o ti ṣèlérí. Láti ibi igi yìí wá sísàlẹ̀, ebè kan kò gbọdọ̀ débẹ̀. Ọgbà tí màá ṣe síbẹ̀, tí kò ní í jẹ́ kí ẹran ọ̀sìn wọ ojú omi, tèmi ni, ti ẹni tó bá sì jẹ Baálẹ̀ lẹ́yìn mi ni. Bó bá wó, èmi ni kí ẹ wá bá, kí ẹ má jẹ̀ẹ́ kí wọ́n sọ fún yín pé mò ń sinmi."

Lẹ́yìn náà ló bẹ Dúródọlá àti Jagun pé kí wọ́n máa wá wo ibẹ̀, kí wọ́n sì máa sọ ohun tí wọ́n bá rí létígbọ̀ọ́ ìlú. Ó ní òun bàbá kò lè jẹ́ ẹlẹ́rìí lórí ọmọ òun. Láti ọjọ́ náà, kò gba iṣu oko yẹn mọ́.

Akínrìnmádé bínú. Ìkórè ọdún náà kọjá, kò tẹ ilé bàbá rẹ̀. Ṣùgbọ́n ó ń to òkúta, ó ń fọ ọparun, nítorí ojú ń wò ó. Nígbà tó yá, inú rẹ̀ rọ̀, wọ́n tún jọ ń jẹun. Omi mọ́. Ọdún gorí ọdún, Baálẹ̀ Akínlàbí sùn, wọ́n fi ẹlòmíràn láti agbo ilé mìíràn jẹ.

Ní ìgbà Baálẹ̀ tuntun yìí ni omi tún dédé rùn. Kíá, àwọn èwe gbé kùmọ̀, wọ́n kọrí sílé Akínrìnmádé, ẹni tí orí rẹ̀ ti funfun báyìí. Wọ́n ní ó ti ń fi ìgbẹ́ ewúrẹ́ pa ìlú láti ìgbà bàbá rẹ̀, wọ́n ní àwọn á sun ilé rẹ̀.

Arúgbó náà jáde sí wọn. "Ẹ tẹ̀ lé mi," ló wí.

Wọ́n dé ìdí pèrègún, igi náà ti ga ju ènìyàn lọ. Ebè Akínrìnmádé dúró sókè, ó jìnnà sí i. Òkúta pé, ọparun mọ́ tónítóní. Ó mú wọn yí sí apá kejì. Ọgbà Baálẹ̀ ti wó lulẹ̀, ẹsẹ̀ ewúrẹ́ kún ẹrẹ̀, ìgbẹ́ wọn sì wà létí omi gan-an.

"Ta ló ni ọgbà?" ni Akínrìnmádé bi wọ́n.

Wọ́n mọ̀ ọ́n. Kò sí ọmọ Agbọ̀nlé tí kò mọ̀ ọ́n. Wọ́n ju kùmọ̀ sílẹ̀, wọ́n lọ bá Baálẹ̀, Baálẹ̀ kò sì rí ibi sá sí. Ó jáde wá fúnra rẹ̀, ó ń gbé òpó.

Ọ̀kan nínú àwọn èwe náà, ojú tì í, ó dọ̀bálẹ̀ fún arúgbó náà. "Bàbá, wọ́n ní bàbá yín gbin igi yìí sáàárín iṣu yín. Ṣé kò dùn yín ni?"

"Ó dùn mí o, ọmọ mi," ni Akínrìnmádé wí. "Lọ́jọ́ náà, mo rò pé bàbá mi kò fẹ́ mi mọ́. N kò mọ̀ pé ilé mi ló ń ṣọ́. Ká ní kò pa ààlà yìí ni, kí ni ǹ bá fi hàn yín lónìí? Ta ni ì bá gbà mí gbọ́?"

Ọ̀rọ̀ yẹn làwọn èwe náà gbé kúrò létí omi lọ sílé wọn, ẹnu wọn ló sì gbà dé ọ̀dọ̀ wa. Ìfẹ́ baba sí ọmọ pọ̀ níbẹ̀, ìgbẹ́kẹ̀lé sì pọ̀, ṣùgbọ́n nítorí kí ìfẹ́ náà má bàa bàjẹ́, kí ẹni tó ń pọnmi sì mọ ẹni tí yóò bi, ni wọ́n ṣe sọ pé, bó ti wù kó rí, oko kì í jẹ́ ti baba tọmọ kó má ní ààlà.