Abíọ́nà Tí Kò Jẹ́ Kí Ọkọ̀ Ogun Kọjá

Háà! Ẹ gbà mí o, nǹkan tí ojú kò rí rí ló ṣẹlẹ̀ sí àwọn ará Ìdí-Akòko! Láàárọ̀ ọjọ́ Ajé kan, oòrùn ò tíì ga, ni ọkọ̀ ojú irin kan dédé wọ ìlú láìfọn fèrè. Sójà kún orí ẹ̀ fọ́fọ́. Ìbọn ń bẹ nínú àpótí, iṣu àti àgbàdo tí wọ́n fipá kó lóko olóko ń bẹ nínú àpò, wọ́n ní àwọn ń kó gbogbo ẹ̀ lọ sí èbúté, kí ọkọ̀ òkun gbé e lọ sójú ogun. Ogun wo? Ogun tí àwọn òyìnbó tó ń ṣàkóso wa nígbà náà lọ gbé ko àwọn èèyàn kan lókè òkun. Ẹ wò ó, àwọn èèyàn yẹn ò jí adìyẹ wa, wọn ò bú bàbá wa, a ò tiẹ̀ mọ bí wọ́n ṣe ń kíra wọn láàárọ̀!

Ìdí-Akòko sì ti mọ ohun tí irú ogun bẹ́ẹ̀ ń jẹ. Nígbà tí òmíràn ṣẹlẹ̀ ṣáájú ìyẹn, ọkùnrin mọ́kànlélógójì ni wọ́n kó níbẹ̀ pé kí wọ́n lọ máa ru ẹrù ìbọn. Ẹyọ ẹnì kan ló padà, ìyẹn náà ò sì sọ̀rọ̀ mọ́ títí tó fi kú. Ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé nígbà tí ẹgbẹ́ àwọn òṣìṣẹ́ jákèjádò orílẹ̀-èdè kéde ìyanṣẹ́lódì, pé kí ẹnikẹ́ni má fọwọ́ kan ẹrù ogun, ńṣe ni ìlú hó yèè. Àwọn tó ń já ẹrù ní èbúté káwọ́ gbera, àwọn awakùsà ju ṣọ́bìrì sílẹ̀, ilé ìfìwéránṣẹ́ tì pa, ẹ̀rọ ìtẹ̀wé dákẹ́. Ọjọ́ mẹ́ta gbáko, ọkọ̀ ojú irin kankan ò rìn. Ọjọ́ kẹrin ni èyí dé. Tó bá fi lè kọjá ní Ìdí-Akòko pẹ́nrẹ́n, ó parí nìyẹn, torí gbogbo ibùdókọ̀ tó kù ló ń wojú Ìdí-Akòko. Tí ẹnì kan bá yẹ̀, gbogbo wọn á yẹ̀.

Ta lẹ rò pé ó jókòó ní ibùdókọ̀ náà? Abíọ́nà ni! Abíọ́nà ọmọ Ògúnsẹ̀yẹ, ọkọ Fadérera, òpó kúkúrú tó gbé àjà ńlá dúró, àgbà tí ọ̀rọ̀ ẹnu ẹ̀ wúwo ju ọlọ lọ! Kì í ṣe jagunjagun o. Kò ga, ẹsẹ̀ òsì ẹ̀ sì ń tiro. Òun ló ń tọ́jú ọ̀pá ọ̀nà. Ojú irin kan ṣoṣo ló wà láti Ìdí-Akòko dé ibùdókọ̀ tó kàn, tí ọkọ̀ méjì bá pàdé lórí ẹ̀, ikú ni. Torí náà, ọ̀pá irin kékeré kan wà tó jẹ́ pé dírẹ́bà tó bá mú un lọ́wọ́ nìkan ló lè wọ ọ̀nà yẹn. Nígbà kan, akọ̀wé kan tó ń kánjú ju ọ̀pá náà sí dírẹ́bà láìwo ọ̀nà. Ọkọ̀ méjì forí sọra, èèyàn mẹ́tàdínlógún kú. Láti ọjọ́ náà ni àwọn dírẹ́bà ti mulẹ̀ pé bí ọ̀pá tiẹ̀ wà lọ́wọ́ àwọn, àwọn ò ní ṣí bí ẹni tó ń tọ́jú ẹ̀ ò bá fẹnu ara ẹ̀ sọ pé, “Ọ̀nà mọ́.” Ọdún méjìdínlógún ni Abíọ́nà ti ń sọ ọ́. Kò parọ́ ẹ̀ rí, kódà lẹ́ẹ̀kan.

Lọ́jọ́ ìyanṣẹ́lódì yìí kò ṣiṣẹ́ kankan, ó kàn jókòó lé orí àpótí ọ̀pá náà ni. Ọ̀gá òyìnbó tó kó àwọn sójà wá sọ̀ kalẹ̀, òun tí gbogbo ìlú ń pè ní Onírùngbọ̀n-Àgbàdo torí irùngbọ̀n pupa ẹ̀. Ó ti pẹ́ láàárín wa débi pé ó ń sọ Yorùbá bí ẹni ń jẹ gúgúrú.

“Abíọ́nà, gbé ọ̀pá wá.”

“Ọ̀gá, ẹ kú àárọ̀. Ẹ ò tiẹ̀ kí èèyàn.”

“Mo ní gbé ọ̀pá wá!”

“A ti yanṣẹ́ lódì, sà. Ọwọ́ mi ti lọ sinmi.”

Sójà kan pa ẹ̀rín, ló bá tètè fi ikọ́ bò ó. Onírùngbọ̀n-Àgbàdo ti Abíọ́nà ṣubú, ó fọ́ àpótí, ó sì fúnra ẹ̀ mú ọ̀pá lọ bá dírẹ́bà. Làṣùn ni dírẹ́bà yẹn ń jẹ́, àlejò láti ọ̀nà jíjìn. Wọ́n ti sọ fún un pé tí kò bá wa ọkọ̀, ẹ̀wọ̀n ló ń lọ, ìyàwó ẹ̀ sì ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ ni. Àwọn ará ìlú tó ti pé jọ bẹ̀rẹ̀ sí í fi í ṣẹ̀sín.

“Ọ̀dàlẹ̀! Ṣé ìyá ẹ ni wọ́n mú sí òkè òkun tí o fẹ́ lọ gbà á sílẹ̀?”

“Ẹ wojú ẹ̀ bí ẹ̀wà tó jóná!”

Làṣùn yọrí síta, ó ní, “Bàbá Abíọ́nà, ẹ dákun, ṣé ọ̀nà mọ́?”

Onírùngbọ̀n-Àgbàdo rẹ́rìn-ín músẹ́. Ó ní, “Kò sí ọkọ̀ kankan níwájú, Abíọ́nà, ìwọ náà mọ̀. Ìwọ tí o kì í parọ́, ó yá, sọ ọ́.”

Ọ̀rọ̀ wá dójú ẹ̀! Tó bá ní ọ̀nà mọ́, ìbọn lọ, iṣu lọ, ìyanṣẹ́lódì fọ́. Tó bá ní kò mọ́, irọ́ ló pa. Dírẹ́bà wo ló máa tún fi ẹ̀mí ara ẹ̀ lé ọ̀rọ̀ ẹnu ẹ̀ lọ́wọ́? Tó bá sì dákẹ́, wọ́n á mú un lọ, wọ́n á fi ẹlòmíràn jókòó síbẹ̀, ẹni tó máa sọ ohunkóhun tí wọ́n bá ní kó sọ. Ó gbọn eruku aṣọ ẹ̀, ó tiro dìde.

“Ọ̀gá,” ó ní, “òótọ́ lẹ sọ. Kò sí ọkọ̀ níwájú, n ò sì ní parọ́ torí yín. Àmọ́ ọ̀rọ̀ tí ẹ ní kí n sọ yìí, òun ni mo fi ń sin ọmọ délé ìyá ẹ̀, òun ni mo fi ń sin ìyàwó délé ọkọ. Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni mo fi sin èèyàn lọ sógun. Lọ́jọ́ tí wọ́n kó àwọn ọkùnrin mọ́kànlélógójì, èmi ni mo sọ fún dírẹ́bà wọn pé ọ̀nà mọ́. Ẹ̀gbọ́n mi wà nínú wọn. Ó juwọ́ sí mi láti ojú fèrèsé. Ẹ sọ fún mi, ọ̀gá, ṣé ọ̀nà yẹn mọ́?”

Ibi tó dé nìyẹn tí Fadérera ìyàwó ẹ̀ fi tú gèlè lórí, ó fi gbàjá.

“Bàbá Ṣọlá, ẹ má tíì dá wọn lóhùn!” ló pariwo. “Ẹ fún wa láyè díẹ̀!”

Obìnrin yìí sọ̀ kalẹ̀ síwájú ọkọ̀, ó jókòó sáàárín ojú irin bí ẹni jókòó sí ọ̀ọ̀dẹ̀ bàbá ẹ̀. Àwọn obìnrin yòókù tẹ̀lé e, àwọn ọkùnrin tẹ̀lé wọn, títí ojú irin fi kún lọ dé ibi tó ti ṣẹ́ kọ́nà. Bàbá àgbàlagbà kan kígbe pé, “Irin yìí mà ti gbóná o, ẹ bá mi wá nǹkan fi sábẹ́ ìdí!” Làwọn èèyàn bá bú sẹ́rìn-ín níwájú ìbọn.

Àwọn sójà na ìbọn, wọ́n wo ọ̀gá wọn. Ọ̀gá wọn wo èrò tí kò lópin. Kò lè pàṣẹ pé kí wọ́n yìnbọn.

Abíọ́nà wá fọwọ́ ṣíji bojú bó ti máa ń ṣe lójoojúmọ́. Ó wo ọ̀tún, ó wo òsì, ó wo iwájú dáadáa. Ló bá kígbe, gbogbo ìlú gbọ́ ọ:

“Ọ̀nà ò mọ́ o!”

“Mo ti gbọ́, bàbá!” ni Làṣùn dáhùn. Ó tú gbogbo ooru inú ẹ̀rọ dànù, ọkọ̀ mí fìn-ìn-ìn bí erin tó fẹ́ sùn, ó bọ́ sílẹ̀, ó lọ jókòó ti àwọn tó ń bú u lẹ́ẹ̀kan. Kò sí sójà kan níbẹ̀ tó mọ ọkọ̀ ojú irin wà.

Kí ọ̀sán tó pọ́n, tẹlifóònù ti gbé e dé gbogbo ibùdókọ̀, ibi gbogbo sì ń dáhùn pé ọ̀nà tiwọn náà ò mọ́. Ọjọ́ mẹ́sàn-án sí i ni ìjọba fara dà á kó tó juwọ́ sílẹ̀. Wọ́n dá iṣu padà fún àwọn àgbẹ̀, wọn ò sì kó ọkùnrin kankan lọ mọ́. Àmọ́ wọ́n gbẹ̀san: wọ́n lé Abíọ́nà àti ọgọ́ta ìdílé kúrò lẹ́nu iṣẹ́ àti nílé rélùwéè. Abíọ́nà kó wọn sọdá odò, lọ sórí ilẹ̀ tí àwọn àgbẹ̀ tó rí iṣu wọn gbà padà fi ta wọ́n lọ́rẹ. Ìlú yẹn là ń pè ní Ìtẹ̀dó-Abíọ́nà. Títí dòní, tí wọ́n bá ń pín ilẹ̀ níbẹ̀, àlejò ló ń kọ́kọ́ mú tiẹ̀ kí ọmọ onílùú tó mú.

Bó ṣe bẹ̀rẹ̀ ni pé lọ́jọ́ tí wọ́n fẹ́ pín in, Làṣùn dúró lọ́ọ̀ọ́kán pẹ̀lú ìyàwó àti ọmọ ọwọ́, kò lè sún mọ́ wọn. Ẹnì kan kùn pé, “Èyí ńkọ́? Ṣebí òun ló gbé ọkọ̀ ogun wá.”

“Ta ló wá dá a dúró?” ni Abíọ́nà bi í.

Abíọ́nà tiro la àárín wọn kọjá, ó fi ọkọ́ lé Làṣùn lọ́wọ́, ó ní, “Ìwọ ni kó o kọ́kọ́ mú.” Làṣùn wo ilẹ̀, ó wo ìyàwó ẹ̀, ó tutọ́ sí àtẹ́lẹwọ́ méjèèjì, ó sì sọ ọkọ́ mọ́lẹ̀.