Ẹyẹ Tó Ń Mu Omi Òdòdó Nínú Ọgbà Àwẹ̀ró

Ààlọ́ o!

Ààlọ̀!

Ààlọ́ mi ò rìn jìnnà, inú ọgbà ìbẹ́pẹ Àwẹ̀ró ló bà sí.

Ní ayé àtijọ́, ìbẹ́pẹ ni Àwẹ̀ró fi ń bọ́ ilé rẹ̀. Ẹyẹ kékeré kan a máa wá mu omi dídùn inú òdòdó wọn. Ibi tó bá ti mu, ibẹ̀ ni ìbẹ́pẹ ń so. Láyíwọlá ọkọ rẹ̀ fẹ́ràn ẹran ẹyẹ. Ó dẹ àtè yí ọgbà ká, ó kó gbogbo ẹyẹ ibẹ̀ sínú àgò. Òdòdó ń yọ, òdòdó ń rọ, òdòdó ń já dànù. Ìbẹ́pẹ ò so mọ́. Ebi ń bọ̀.

"Baálé mi, ẹ tú ẹyẹ mi sílẹ̀."

"Ọ̀kan ṣoṣo ni mo lè tú sílẹ̀. Èyí tó ń dán yìí ni, òun ló jọ ẹni tó ń mu òdòdó. Eléyìí tó dà bí eruku, ọbẹ̀ ló kàn."

Ó ti mú un lọ́wọ́. Omi ti ń hó lórí iná.

Ọ̀rọ̀ náà sú Àwẹ̀ró. Ọkọ rẹ̀ tó ti ń pẹyẹ láti kékeré, ìyẹ́ nìkan ló mọ̀. Àwẹ̀ró já òdòdó, ó kì wọ́n bọ inú àgò, ó fi orin sí i. Ẹ bá mi gbè é:

Ẹyẹ ọgbà mi, fẹnu hàn mí,
*Ṣe jẹ́jẹ́.*
Ẹ̀wù rẹ kọ́ ni mo bèèrè,
*Ṣe jẹ́jẹ́.*
Bí o bá ń mu, má fa òdòdó ya,
*Ṣe jẹ́jẹ́.*

Ẹyẹ tó ń dán ní, "Èmi ni." Ó fa òdòdó ya, ó ṣa kòkòrò inú rẹ̀ jẹ.

Àwẹ̀ró tún kọrin. Ẹ̀gà ní, "Èmi ni, èmi ni." Ó já òdòdó wẹ́lẹwẹ̀lẹ, ariwo rẹ̀ gba ilé kan.

Àwẹ̀ró kọrin lẹ́ẹ̀kẹta, ohùn rẹ̀ ti há. Ó gbé òdòdó lọ bá èyí tó wà lọ́wọ́ ọkọ rẹ̀. Ẹnu ẹyẹ náà gùn, ó tẹ̀ bíi dòjé. Ó rọra ki ẹnu bọ òdòdó, ó mu, ó yọ orí jáde. Òdòdó ò ya.

Láyíwọlá ní, "Kí ló dé tí o ò sọ̀rọ̀?"

Ẹyẹ ní, "Ẹ ò bi mí. Ẹ̀wù lẹ ń wò."

Àwẹ̀ró gbà á lọ́wọ́ ọkọ rẹ̀, ó jù ú sókè, ẹyẹ náà fò padà sínú ọgbà ìbẹ́pẹ.

"Kí ni mo máa wá fi jẹ iyán?"

"Ẹ fi ẹ̀wù tó ń dán jẹ ẹ́."

Ẹ̀kọ́ rẹ̀ ni pé ìṣe la fi ń mọ ẹyẹ, kì í ṣe ìyẹ́. Ibi tí mo sọ ààlọ́ mi kalẹ̀ sí nìyẹn. Kí ẹnikẹ́ni má bi mí bóyá Láyíwọlá jẹun.