Ọ̀kẹ́rẹ́ Onírúurú Orin àti Ìsìnkú Àwẹ̀ró

Àlọ́ o!

Ààlọ̀!

Mo ní àlọ́ o! Àbí oorun ti ń kùn yín ni?

Ààlọ̀!

Ẹn-ẹ́n. Àlọ́ tèmi kò yà sílé ọba, kò bá ìjòyè lálejò. Inú igbó ló gbà lọ, ó sì já lu Ọ̀kẹ́rẹ́ onírù gbọ̀ọ̀rọ̀.

Ẹ̀yin àgbà tí ẹ wà lórí àga, ẹ kú ìjókòó. Ẹ̀yin ọmọ, ẹ sún mọ́ mi. Ìwọ Àjíún, yọ nǹkan yẹn kúrò létí rẹ. Orin tí o ń gbọ́ kò ní sá lọ. Ọ̀rọ̀ orin náà gan-an ni mo fẹ́ sọ, kì í sì í ṣe ọ̀rọ̀ àwàdà.

Ní ìgbà kan rí, àwọn ẹranko ń fi ẹ̀rọ ṣe orin. Ẹ má wò mí bẹ́ẹ̀. Ìgbà tí ẹranko ń sọ̀rọ̀ bí ènìyàn, kí ni wọn kò ní ṣe? Wọ́n ní kọ̀ǹpútà, wọ́n ní sípíkà, oòrùn ni wọ́n sì fi ń fún un níná.

Ọ̀pọ̀lọ́ ló pẹ́ jù nídìí iṣẹ́ náà. Orin kan ṣoṣo ló ń ṣe, orin ìsìnkú. Bí ẹ pè é síbi ìkómọ, kò ní wá. Bí ẹ pè é síbi ìgbéyàwó, yóò ní kí ẹ wá ẹlòmíràn. Ṣùgbọ́n bí ẹnìkan bá kú nínú igbó, ilẹ̀kùn Ọ̀pọ̀lọ́ ni wọ́n ń kọ́kọ́ kàn.

Ọ̀kẹ́rẹ́ lọ bá a. Ó ní, "Ìyá Ọ̀pọ̀lọ́, ẹ jọ̀ọ́, ẹ kọ́ mi níṣẹ́."

"Jókòó."

Ó jókòó lóòótọ́, ṣùgbọ́n ìdí rẹ̀ kò gbé ilẹ̀. Kò pẹ́ tó fi mọ ibi tí wọ́n ń tẹ̀ kí ìlù tó dún, tó mọ ibi tí wọ́n ń tẹ̀ kí ohùn tó jáde. Ló bá ní, "Ìyá, mo ti mọ̀ ọ́n."

"O mọ ẹ̀rọ," Ọ̀pọ̀lọ́ dá a lóhùn. "O kò tíì mọ orin. Dúró tì mí títí òjò ọdún yìí yóò fi rọ̀ tán. Ohun kan wà nínú orin yìí tí mi ò lè fi ẹnu ṣàlàyé. Wàá bá mi dé ojú oórì, wàá fi ojú ara rẹ rí i."

"Orin òkú nìkan, Ìyá? Ṣé òkú ni n ó máa bá ṣọ̀rẹ́ ni? Bí èso igi kan bá tán, orí igi mìíràn là ń fò sí. Ẹni tó bá rọ̀ mọ́ igi kan, ebi ni yóò pa á."

Ọ̀pọ̀lọ́ kò bínú. Ó ní, "Kò burú kí ọmọdé tọ́ gbogbo èso wò. Báwo ni yóò ṣe mọ èyí tó dùn mọ́ òun lẹ́nu? Èmi náà tọ́ ọ wò nígbà tí mo kéré. Ṣùgbọ́n má ta ohun tí o ṣẹ̀ṣẹ̀ ń tọ́ wò."

"Mo ti gbọ́, Ìyá."

Irọ́ ni, kò gbọ́. Bí Ọ̀pọ̀lọ́ ṣe lọ wẹ̀ lódò báyìí, Ọ̀kẹ́rẹ́ da gbogbo orin ìsìnkú rẹ̀ sínú ẹ̀rọ tirẹ̀, ó sì fẹsẹ̀ fẹ́ ẹ.

Nígbà tó délé, ó gbọ́ orin náà. Ó dùn, ó tutù, ó wọni lára. Ṣùgbọ́n nígbà tó dé àárín, orin dákẹ́. Kẹ́kẹ́ pa. Ó ṣe díẹ̀, ó tún ń lọ. Ọ̀kẹ́rẹ́ gbọ́ òmíràn, bákan náà ni. Ló bá bú sẹ́rìn-ín. "Ẹ̀rọ ìyá yìí ti gbó! Ó ń kú láàárín orin!" Ó mú ìlù, ó fi dí àlàfo náà, bí ìgbà tí wọ́n bá ń lẹ ṣòkòtò tó ya.

Ọgbọ́n mìíràn tún sọ sí i lọ́kàn, ọgbọ́n àgbọ́njù. Ìlù kan ṣoṣo ló ṣe, ìyẹn náà ló sì tẹ́ sábẹ́ gbogbo orin. Tó bá jẹ́ ti ìkómọ, á fi ẹ̀rín ọmọ lé e. Tó bá jẹ́ ti ìyàwó, á fi ohùn ọlọ́mọge lé e. Tó bá jẹ́ ti òkú, á fi ẹkún lé e. Ó ní ta ni yóò mọ̀? Ó gun ẹ̀ka igi, ó ń kọrin. Ẹ bá mi gbè é:

Ta ló fẹ́ orin ìkómọ?
Kítíkítí kán!
Ta ló fẹ́ orin ìyàwó?
Kítíkítí kán!
Ta ló fẹ́ orin òkú?
Kítíkítí kán!
Ẹyìn pupa ni kẹ́ ẹ kó wá,
Kítíkítí kán!
Ọ̀kẹ́rẹ́ mọ gbogbo rẹ̀ pátá,
Kítíkítí kán!

Ó dùn lẹ́nu yín, àbí? Ó dùn létí àwọn ẹranko náà. Ehoro fi kọ́mọ jáde, wọ́n jó títí eruku fi sọ. Ẹyìn kún ihò Ọ̀kẹ́rẹ́ dé ẹnu.

Ìgbà yẹn ni Àwẹ̀ró kú. Àwẹ̀ró ni ìyá Àgbọ̀nrín. Àgbọ̀nrín kò ní bàbá mọ́, kò ní ẹ̀gbọ́n, kò ní àbúrò. Ìyá yìí nìkan ló ní nílé.

Ẹ fara balẹ̀ gbọ́ àṣà ìdílé wọn. Bí wọ́n bá gbé òkú sínú ilẹ̀, orin á máa lọ, á dé àárín, á dákẹ́. Nínú ìdákẹ́ yẹn ni àkọ́bí òkú yóò ti pe orúkọ rẹ̀. Òkú kì í gbọ́ ohùn nínú ariwo. Bó bá gbọ́ orúkọ rẹ̀, yóò mọ̀ pé òun ti kú, yóò sì kọjá lọ bá àwọn ìyá rẹ̀. Bí kò bá gbọ́ ọ kí yẹ̀pẹ̀ tó bo ojú rẹ̀, etí odò ni yóò máa rìn kiri, tí yóò máa wá ọ̀nà ilé. Ilẹ̀ kò sì gbọdọ̀ ṣú bá òkú níta, nítorí ẹkùn.

Àgbọ̀nrín ń lọ sílé Ọ̀pọ̀lọ́, ó ń sunkún lọ. Ọ̀kẹ́rẹ́ rí i látorí igi.

"Àgbọ̀nrín, ẹ kú ọ̀fọ̀ o. Ẹ kú ìrọ́jú. Níbo lẹ forí lé?"

"Ọ̀dọ̀ Ìyá Ọ̀pọ̀lọ́ ni."

"Háà! Ẹ ò tíì gbọ́ ni? Ẹ̀rọ rẹ̀ ti gbó. Ó ń kú láàárín orin. Ṣé ẹ fẹ́ kí ojú tì yín níbi òkú ìyá yín ni?"

Àgbọ̀nrín kò sin òkú rí. Ọmọ ọwọ́ ni nígbà tí wọ́n sin bàbá rẹ̀. Wọ́n ti sọ fún un pé yóò pe orúkọ, ṣùgbọ́n kò mọ bí ìdákẹ́ náà ṣe ń wáyé. Ọkàn rẹ̀ kò sì sí lára rẹ̀ lọ́jọ́ náà. Ó ní, "Ṣé o mọ orin ìdílé wa?"

"Bí ẹní mowó!"

Ọjọ́ kan náà ni àwọn Ọ̀bọ ń jẹ àgbàdo tuntun, wọ́n sì ti pe Ọ̀kẹ́rẹ́. Ṣé kó kọ ọ̀kan? Rárá o, ojúkòkòrò kò jẹ́. Ó gbé ẹ̀rọ àti sípíkà ńlá gun orí àràbà tó wà lójú oórì, kí ẹnikẹ́ni má baà fọwọ́ kàn án. Ó tẹ̀ ẹ́ kó máa dún fúnra rẹ̀. Ó gbé sípíkà kékeré tó ti kó orin sínú há abíyá, ó gba ọ̀dọ̀ àwọn Ọ̀bọ lọ.

Wọ́n gbé Àwẹ̀ró sínú ilẹ̀. Orin bẹ̀rẹ̀. Àgbọ̀nrín dúró létí kòtò, ó ń dúró de ìdákẹ́. Orin dé àárín. Kò dákẹ́. Kítíkítí kán. Orin parí, ó tún bẹ̀rẹ̀. Ó tún dé àárín. Kítíkítí kán.

"Ọ̀kẹ́rẹ́! Pa ẹ̀rọ rẹ! Jọ̀ọ́, pa á!"

Ta ni yóò dáhùn? Àwọn ẹbí fi ìwo kan ìdí àràbà. Ìwo kán, àràbà kò mì. Àgbọ̀nrín kì í sì í gun igi.

Àgbà kan nínú ẹbí ní, "Ọmọ mi, oòrùn ti wọ̀."

"Ẹ fún mi ní díẹ̀ sí i, bàbá."

Wọ́n fún un ní díẹ̀ sí i. Ariwo kò dá. Nígbà tí wọ́n gbọ́ ìró ẹkùn lókèèrè, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í wa yẹ̀pẹ̀. Àgbọ̀nrín ń ké, "Àwẹ̀ró! Ìyá mi! Àwẹ̀ró o!" títí ohùn rẹ̀ fi há. Òun fúnra rẹ̀ kò gbọ́ ohùn ara rẹ̀. Ó máa ń dùn mí tí mo bá dé ibí yìí, ẹ jẹ́ kí n mí ná.

Lọ́dọ̀ àwọn Ọ̀bọ, ijó ń lọ lọ́wọ́. Àgbà Ọ̀bọ kan nawọ́ sókè. "Ẹ dákẹ́. Ẹ gbọ́." Afẹ́fẹ́ ń gbé ìró bọ̀ láti ojú oórì: kítíkítí kán. Sípíkà tó wà níwájú wọn náà ń dún: kítíkítí kán. "Yéè! Ìlù òkú la fi ń jó! Ọ̀kẹ́rẹ́, ìlù òkú lo gbé wá bá àwọn ọmọ wa!"

Ọ̀kẹ́rẹ́ fò sókè. "Kì í ṣe ìlù òkú! Ìlù ìkómọ ni! Òun náà ni mo fi ṣe ti Ehoro!"

Ẹnu ọ̀fọ́rọ̀ ní í pa ọ̀fọ́rọ̀. Wọ́n fọ́ sípíkà mọ́ ọn lẹ́sẹ̀, wọ́n lé e jáde. Kí ilẹ̀ tó mọ́, gbogbo igbó ti gbọ́, kò sì sẹ́ni tó pè é sóde mọ́ láéláé.

Lóru ọjọ́ náà, ó sáré padà sójú oórì, ó gun àràbà, ó pa ẹ̀rọ. Ibi gbogbo wá pa lọ́lọ́. Àgbọ̀nrín dùbúlẹ̀ sórí yẹ̀pẹ̀. Ó gbórí sókè nínú ìdákẹ́ náà, ó pe ìyá rẹ̀. Ewé kan kò mì.

Ọ̀kẹ́rẹ́ ní, "Àgbọ̀nrín, ẹ má bínú. N ó tún un ṣe. N ó fi àlàfo sí i."

Àgbọ̀nrín wò ó. "Ìyá mélòó ni mo ní?"



Ìdí àlọ́ mi rèé, ẹ̀yin ọmọ tí ẹ ń fi kọ̀ǹpútà ṣe orin nínú yàrá: fújì lónìí, híípọ́ọ̀pù lọ́la, orin ìyìn lọ́túnla. Ẹ tọ́ gbogbo rẹ̀ wò, mi ò bá yín jà. Ṣùgbọ́n ẹ jókòó ti ọ̀kan kó yé yín dénú, kí ẹ tó sọ fún ẹni tí ọ̀fọ̀ ṣẹ̀ pé ẹ mọ tirẹ̀. Ohun tí o kò bá dúró kọ́, ẹlòmíràn ló máa ń jìyà rẹ̀.

Bí ẹ bá sì dé oko, tí ẹ rí àgbọ̀nrín tó ń jẹko, tó ṣàdédé dúró, tó na etí, ẹ má sọ pé ọdẹ ló gbúròó. Ó ń wò ó bóyá ibẹ̀ dákẹ́ tó láti pe ìyá rẹ̀.

Bí irọ́ ni mo pa, kí ẹnìkan rẹ́rìn-ín kí n gbọ́. Ó dáa. Ẹ dìde, ẹ lọ sùn.