Bọ́ọ̀lù Bọ́ Sọ́wọ́ Olóyè Adégòróyè

Ẹni tó bá ní ọmọdé ò gbọ́n, kò tíì pàdé Ìbírónkẹ́, ọmọ ọdún mọ́kànlá tó ń ṣa bọ́ọ̀lù tó bá jáde ní pápá Òkè-Ọlá. Lọ́jọ́ àṣekágbá, ó ku ìṣẹ́jú méjì, a sì ti fi góòlù kan ṣíwájú àwọn àlejò, ni Olóyè Adégòróyè, alága ẹgbẹ́ wa, bá pariwo láti orí àga rẹ̀ lẹ́bàá ìlà pé: “Ẹni tó bá ju bọ́ọ̀lù fún àwọn àlejò yìí, kò ní wọ pápá yìí mọ́ láéláé!” Rẹfirí sì ti kìlọ̀ pé ọmọ tó bá fi bọ́ọ̀lù falẹ̀, òun máa lé e jáde. Kò pẹ́ ni bọ́ọ̀lù jáde, àwọn àlejò ló sì máa jù ú. Ìbírónkẹ́ gbé e, ó sáré lọ síwájú Olóyè, ó kúnlẹ̀, ó fi ọwọ́ méjèèjì nà án sí i: “Ẹ gbà, bàbá.” Àgbà wo ni ọmọ máa kúnlẹ̀ fún lójú gbogbo ìlú tí kò ní gbà? Olóyè gbà á. Rẹfirí fun fèrè: “Bàbá, ṣé ẹ fẹ́ gbé bọ́ọ̀lù lọ sílé ni?” Gbogbo pápá bú sẹ́rìn-ín. Ojú ti Olóyè, ó yáa ju bọ́ọ̀lù sí àlejò tó dúró dè é. Ìyẹn jù ú sínú pápá kíá, ẹnìkejì rẹ̀ fi orí kàn án, ó di góòlù! Olóyè fò dìde, ó kọjú sí Ìbírónkẹ́: “Ìwọ ọmọ yìí, kí ni mo sọ?” Ó tún kúnlẹ̀: “Ẹ ní ẹni tó bá ju bọ́ọ̀lù fún wọn ò ní wọ pápá yìí mọ́, bàbá. Ṣé kí n bá yín gbé àga yín dé ẹnu géètì?”