Ilẹ̀ Tí Kò Gba Ìwọ́ Ọmọ

Ilé là ń wò kí a tó sọmọ lórúkọ. Ìyá tí ọkàn rẹ̀ kò balẹ̀ ló mọ òwe yìí jù.

Fẹ̀hìntọlá àti ọkọ rẹ̀ ń ṣiṣẹ́ ní ìpẹ̀kun ayé, níbi tí yìnyín ti bo gbogbo ilẹ̀. Oyún rẹ̀ ti tó bí, ọkọ̀ ojú omi tó kẹ́yìn sì ń múra àtilọ. Ó pe ìyá rẹ̀ lórí fóònù.

"Màámi, ibí la ó bímọ sí. Ọmọ náà ni yóò sọ wá di onílẹ̀ níbí."

"Onílẹ̀ kẹ̀? Ìwọ́ ọmọ ńkọ́? Ilẹ̀ wo lẹ ó rì í mọ́?"

Ọkọ rẹ̀, tó ń gbọ́ ọ̀rọ̀ wọn, rẹ́rìn-ín, ó gbé ọkọ́ jáde láti gbẹ́ ilẹ̀ wò. Ó gbẹ́ títí, yìnyín náà ló ń bá nísàlẹ̀ yìnyín.

"Ṣé àgbàdo ń hù níbẹ̀?"

"Rárá, Màámi. Ọkọ̀ ló ń kó oúnjẹ wa wá, àti epo tí a fi ń yáná. Bí èyí bá lọ, òmíràn kò ní wá títí òtútù yóò fi lọ. Oòrùn gan-an kò ní yọ."

"Oòrùn pàápàá ń sá níbẹ̀, ìwọ lo fẹ́ jókòó?"

Fèrè ọkọ̀ dún.

"Olówó orí mi," Fẹ̀hìntọlá kígbe, "sáré! Ní kí wọ́n dúró dè wá!"