Òkúta Kẹta Lábẹ́ Ìkòkò Efúnyẹlá

Ẹ ti gbọ́ ọ rí pé ààrò mẹ́ta kì í da ọbẹ̀ nù. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n òkúta lásán ni ààrò, kò lọ́wọ́, kò lẹ́sẹ̀. Ta ló wá fẹ̀sùn ọbẹ̀ dídànù kàn án tí àwọn àgbà fi ń gbè é lẹ́yìn? Ẹ fìdí kalẹ̀, kí n ro ẹjọ́ rẹ̀ fún yín.

Ní Ìgbóọlá, ọkùnrin kan wà tó ń jẹ́ Láníhùn. Kò sí ohun tí kì í wọ̀n. Bí Efúnyẹlá ìyàwó rẹ̀ bá se ẹja, igi ìgbálẹ̀ ni yóò fi wọ̀n ọ́n láti orí dé ìrù kó tó gé e sí méjì ọgbọọgba. Ogún ọdún ni obìnrin yìí fi fara dà á, títí Ọláìtán ọmọ wọn fi lọ sílé ọkọ. Lọ́jọ́ tí Láníhùn wọn ẹyin bíbọ̀ kan ṣoṣo, sùúrù Efúnyẹlá tán.

“Baba Ọláìtán, ó sú mi. Ẹ jẹ́ ká túká.”

“Ó dára,” ni Láníhùn wí. “Ìdajì-ìdajì.”

Òfin ìlú wọn le. Tọkọtaya tó bá fẹ́ kọra gbọ́dọ̀ pín gbogbo ohun tó wà nínú ilé sí méjì lójú ìyáálé agboolé. Bí ẹyọ ohun kan bá ṣẹ́ kù láìpín, wọn kò tíì kọra. Ìyáálé tiwọn ni Ìyá Ẹlẹ́pà, arúgbó tí eyín rẹ̀ kò pé márùn-ún, síbẹ̀ tí ẹ̀pà kì í wọ́n lẹ́nu rẹ̀.

Láàárọ̀ ọjọ́ ìpín, Efúnyẹlá sáré gbé ọbẹ̀ kaná. Ebi kọ́ ló ń pa á. Ìkòkò ìyá rẹ̀ ni kò fẹ́ kí wọ́n là sí méjì. Òun nìkan ni olóògbé fi sílẹ̀ fún un. Bí ìkòkò bá gbóná, ta ni yóò fọwọ́ kàn án?

Wọ́n bẹ̀rẹ̀. Àdá la ẹní sí méjì. Ìyàwó gba odó, ọkọ gba ọmọ odó. Ìyàwó gba ilẹ̀kùn, ọkọ gba ojú ọ̀nà tí ilẹ̀kùn ń dí. Efúnyẹlá di ẹsẹ̀ ṣòkòtò kan mọ́ ẹrù. Kò mọ ohun tí yóò fi ṣe, ṣùgbọ́n ìpín rẹ̀ ni. Nígbà tó kan àkùkọ, Láníhùn mú kíkọ rẹ̀, ó fi ẹran rẹ̀ sílẹ̀ fún un.

“Ó ku ìdáná,” ni Ìyá Ẹlẹ́pà wí.

Láníhùn ka òkúta ààrò. Ó kà wọ́n lẹ́ẹ̀kejì. “Mẹ́ta! Èmi ni mo rù wọ́n wá láti odò.”

“Èmi ni mo ń fi wọ́n dáná. Ẹ má fọwọ́ kàn wọ́n o, ọbẹ̀ wà lórí wọn!”

“Ṣé ọbẹ̀ ló ni òkúta ni?”

Ó fi igi fa òkúta kan yọ. Ìkòkò fì.

“Ìkòkò ìyá mi!” Efúnyẹlá figbe ta.

Láníhùn ju igi nù, ó sì fi ọwọ́ méjèèjì gbá ìkòkò gbígbóná náà mú. Ọbẹ̀ dà sí i lẹ́sẹ̀, ó ń fò, ó ń ké “Yéè!”, síbẹ̀ kò jù ú sílẹ̀ títí ó fi gbé e kalẹ̀ sórí iyanrìn. Ìkòkò kò tilẹ̀ sán.

“Kí ló dé tí ẹ ò jẹ́ kó fọ́?” Omi ti lé ròrò sójú Efúnyẹlá. “Ẹ̀ bá rí ìdajì tiyín mú.”

Láníhùn ń fẹnu fẹ́ àtẹ́lẹwọ́. “Ìyá Ọláìtán, ìkòkò ìyá rẹ kò ní ìdajì.”

Ọkùnrin tó ti sú Efúnyẹlá náà tún wù ú. Ó bu omi tútù, ó ti ọwọ́ ọkọ rẹ̀ bọ̀ ọ́.

Ìyá Ẹlẹ́pà gbọn èèpo ẹ̀pà nù lára. “Òkúta kan ṣẹ́ kù, ìkòkò kan ṣẹ́ kù. Ẹ ò tíì kọra.”

Láníhùn tẹjú mọ́ ọbẹ̀ tó ń ṣàn nílẹ̀. “Ẹ ò rí i bí ààrò yẹn ṣe da ọbẹ̀ mi nù!”

“Ẹ má parọ́ mọ́ ọn,” ni Efúnyẹlá wí, ó sì fi igi yí òkúta kẹta padà sáàyè rẹ̀. “Nígbà tí wọ́n pé, ṣé ó dà? Ààrò mẹ́ta kì í da ọbẹ̀ nù.”