Fáìlì Méje Olúfọwọ́bi

Olúfọwọ́bi, tó ń kọ kóòdù, ìyẹn àṣẹ tí kọ̀ǹpútà ń tẹ̀lé, ní ìlú Ìkìrè, kórìíra kó kọ ohun kan lẹ́ẹ̀mejì. Ó kó gbogbo kóòdù tó máa ń lò lóòrèkóòrè sínú fáìlì méje, ó sì pàṣẹ fún kọ̀ǹpútà rẹ̀ pé bó bá ti ń tàn, kó pe méjèèje wọlé. Láti ọjọ́ náà, ìlà kan ṣoṣo ló ń tẹ̀, iṣẹ́ á sì parí. Nígbà tó fi di ọdún kẹta, ó ti gbà pé ọgbọ́n orí òun ni.

Ilé iṣẹ́ ńlá kan n'Íbàdàn pè é wá ṣe ìdánwò kí wọ́n tó gbà á síṣẹ́. Ìyàwó rẹ̀ ní, "Bàbá Ìfẹ́tayọ̀, ẹ ò mú nǹkan kan dání?"

"Kí ni kí n mú? Orí ìka mi niṣẹ́ wà."

Nígbà tó dé Ìbàdàn, wọ́n fi í jókòó sídìí kọ̀ǹpútà tiwọn. Ó tẹ ìlà kan rẹ̀. Kọ̀ǹpútà fèsì pé òun kò mọ ohun tó ń wí. Ó tún un tẹ̀ jẹ́jẹ́, bí ẹni ń ṣàlàyé fún àlejò.

Obìnrin tó ń ṣọ́ ìdánwò bi í pé, "Kí ló dé, sà?"

"Àwọn fáìlì mi ni kò wọlé, mà."

"Níbo ni wọ́n wà?"

"Ìkìrè."

Obìnrin náà ní, "Ẹ máa lọ bá wọn, sà. Ilé la ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde. Ẹ̀ṣọ́ kì í dá tẹ̀lé èèyàn."

Nírọ̀lẹ́, Olúfọwọ́bi délé, ó tan kọ̀ǹpútà rẹ̀. Kó tó jókòó, méjèèje ti wọlé, wọ́n pé pérépéré.